Orin Ọ̀fun àti Pẹ̀lẹ́ Ìyá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ orin ọ̀fun, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní fún un: kó má ṣe kọ́ ọ nínú ilé tí ìyá rẹ̀ bá wà, pàápàá bí ìyá náà bá jẹ́ Yorùbá. Mi ò fi èyí ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ náà sú mi nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì tún ń sú mi báyìí tí mo jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Hulme, ní ìlú Òyìnbó, là ń gbé nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nínú àwọn ilé gbọọrọ tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ tí kánsù ti ń sọ pé àwọn fẹ́ wó. Omi ń jò láti òkè, aáyán ń gba inú páìpù láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ògiri sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ará ìsàlẹ̀ bá sín, àwa tí a wà lókè á gbọ́. Ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, èmi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nípa ìdí tí kọnkéré fi máa ń sán. Ilé tí mò ń gbé nìkan ti tó mi ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní yunifásítì kò gbà bẹ́ẹ̀.

Aládùúgbò wa kan wà, Òyìnbó gíga kan tó dá irùngbọ̀n sí, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí gbogbo wa jọ ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ kan lífíìtì bàjẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mo sì gbé àpò ìrẹsì gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé òkè, mo pe ọkùnrin náà pé kó bá mi di ilẹ̀kùn mú. Dípò kó di ilẹ̀kùn mú, ńṣe ló dúró tó ń wò mí. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sọ. Mo tún un sọ, àpò ìrẹsì ṣì wà léjìká mi. Ó ní irú ohùn tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó di ilẹ̀kùn mú ná.

Kò sí ẹni tó wá ohùn mi rí. Láti kékeré ló ti há. Ó máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọlọ lọ ata gbígbẹ, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì máa ní kí n lọ mu omi. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Màámi fi mí sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti rán aṣọ funfun fún mi kí ọ̀gá akọrin tó gbọ́ ohùn mi. Ọ̀gá akọrin kò lè lé mi mọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n dúró sẹ́yìn, kí n máa la ẹnu bí àwọn tó kù, ṣùgbọ́n kí ohùn má jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe la ẹnu lásán ní gbogbo ìsìn Kérésìmesì ọdún náà. Màámi jókòó síwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nígbà tí a sì délé, wọ́n ní àwọn dá ohùn mi mọ̀ láàárín gbogbo wọn. Mi ò sọ òótọ́ fún wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin yìí sọ pé ohùn mi dára fún orin, orí mi wú, kí n má parọ́. Ó mú mi wọ ilé rẹ̀, ó fi mí jókòó sórí tìmùtìmù, ó sì kọrin fún mi. Orin àwọn darandaran kan ni, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tuva, ní ìhà Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ kọ́ ọ. Ohùn kan kọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ wá, ó nípọn, ó ń kùn bí jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ilé kejì. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ti ìsàlẹ̀ dá, ohùn mìíràn yọ lókè rẹ̀, tín-ínrín, kedere, bí ìgbà tí kẹ́tù bá fẹ́ hó. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń súfèé níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ẹnu kan ṣoṣo ló ń mú ohùn méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Irun ara mi dìde.

Ó yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan, ó sì gbà mí sínú kíláàsì tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní orin náà. Mo ń gbọ́ ọ bí mo ti ń fọ abọ́, mo ń gbọ́ ọ bí mo ti ń kọ̀wé nípa kọnkéré. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ dà bí ohun kan náà létí mi. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ èyí tó dùn àti èyí tó le, mo sì rí i pé híhá ohùn, tí wọ́n fi ń lé mi kúrò nínú orin, òun gan-an ni àwọn èèyàn wọ̀nyí fi ń kọ tiwọn. Olùkọ́ náà ní àwọn ọmọ kíláàsì òun yóò kọrin ní gbọ̀ngàn àdúgbò kí kánsù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé, àti pé bí mo bá lè mú ohùn òkè yẹn jáde, òun á fún mi láyè láti dá kọrin. Ìyẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ dúró níwájú èèyàn lẹ́ẹ̀kan láyé mi, kí n la ẹnu, kí ohùn sì jáde níbẹ̀.

Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyọnu. Bí mo bá bi í pé níbo ni kí n fi ahọ́n sí, á ní kí n ronú nípa odò. Mo sọ fún un pé ẹ̀bá odò ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì gbọ́ kí odò dún báyẹn rí. Á di ojú, á mi orí. Bí mo bá ṣe é dáadáa, á mi orí. Bí mo bá bà á jẹ́, á mi orí náà. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé mú lò. Ó ní kí n kérora bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, kí n di ohùn náà mú sí ọ̀fun kí n má jẹ́ kó bọ́, kí n wá ká ahọ́n sí àjà ẹnu, kí n sì máa sún ètè díẹ̀díẹ̀. Ìkérora kò ṣòro fún mi. Ti ìsàlẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ti òkè ló kọ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyí nígbà tí ìyàwó mi bímọ, tí Màámi sì wọ bàálù wá láti ilé láti bá wa tọ́jú ọmọ. Inú mi dùn. Wọ́n kó èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti orógbó wá, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì lé mi kúrò nílé ìdáná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ balùwẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń dún jù, mo ti ilẹ̀kùn, mo mí sínú, mo sì bẹ̀rẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́ o,” Màámi wí láti pálọ̀.

Mo ń bá a lọ.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.”

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i. A kì í gbọ́ kí àgbà kíni ká dákẹ́. Mo gé ohùn, mo ní ẹ ṣé, mà. Mo tún mí sínú, mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ní pẹ̀lẹ́, mo tún dúpẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n sún mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì rọra bi mí bóyá inú ló ń kún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ilá ni wọ́n gbé ka iwájú mi, wọ́n dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ohun tó há á yọ̀ débi tó yẹ.

Mo ṣàlàyé pé orin ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní orin wo? Mo ní orin àwọn darandaran. Wọ́n ní ìyà wo ló wá ń jẹ àwọn darandaran ọ̀hún? Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, yóò yé wọn, ni mo bá mú wọn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Ó kọ ọ́ fún wọn, ohùn méjèèjì jáde bó ti yẹ. Kó tó dé ìdajì, Màámi ti na ọwọ́ sí i, wọ́n ń kí i ní pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ní kí n bi í bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Òun náà béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo ní a máa ń fi kí èèyàn ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti pàdé Màámi lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tẹ orí ba, á ní “pẹ̀lẹ́”. Màámi á dá a lóhùn, wọ́n á sì sọ fún mi pé ọmọ dáadáa ni, ọ̀fun yẹn nìkan ni kí Ọlọ́run bá a tún ṣe.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní orógbó ní àràárọ̀. Ẹni tó bá ń kọrin nílé mọ iṣẹ́ tí orógbó ń ṣe: ó ń la ohùn. Bẹ́ẹ̀ ohùn líla kọ́ ni mò ń wá. Bí mo ti ń wá kí ohùn há, ni Màámi ń là á. Wọ́n po omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, wọ́n dúró tì mí, mo fi fọ ọ̀fun. Wọ́n fi adí àgbọn ra mí láyà bí ọmọ ọwọ́, nígbà tí ọmọ ọwọ́ gan-an wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń wò wá.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá sílé láti wọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan tí ìyàwó mi wà ní balùwẹ̀, Màámi, tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí n bá àwọn sọ fún un pé ọ̀fun ń dun bàbá ọmọ, pé ó ń kérora láti àárọ̀, kò sì fẹ́ lọ rí dókítà. Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀ nínú ẹjọ́ tí wọ́n pè mí. Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n Màámi ti di ọ̀fun tiwọn mú, wọ́n ń fi hàn án, nọ́ọ̀sì náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní kí n la ẹnu. Mo la ẹnu. Ó fi iná wò ó, ó ní òun ò rí nǹkan kan, àmọ́ kí n lọ rí dókítà. Màámi wò mí bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Mo fẹjọ́ sun ìyàwó mi. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, oorun nìkan ló sì kù tó ń wá láyé.

“Ẹ dá Màmá lóhùn jàre,” ó ní. “Mo wà lórí early shift lọ́la. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ní, wọn ò bú yín.”

Ọjọ́ orin ń sún mọ́lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró ní balùwẹ̀, ahọ́n mi ti rí ibi tó yẹ kó wà, mo sì gbọ́ nǹkan tín-ínrín kan tó fẹ́ yọ lókè ìkérora mi, ó fẹ́lẹ́ bí òwú. Mo mọ̀ pé òun nìyẹn. Mo sún ètè díẹ̀. Màámi sì kí mi ní pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohùn náà já. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbàgà.

“Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́ mọ́. Ẹ panu mọ́.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde, mi ò sì lè gbé e mì. Màámi kò bínú. Wọ́n ní ó dára, wọ́n padà sídìí ọmọ. Láti ìgbà náà ni ilé ti dákẹ́. Mo wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, mo wọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, mo kérora títí ará ìsàlẹ̀ fi fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà, kò sì sí ohun tó yọ lókè. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń tọrọ dé, kò wúlò fún nǹkan kan, èyí sì wá bí mi nínú ju pẹ̀lẹ́ lọ. Mo máa ń rí i pé bí mo bá gé ohùn, mo ń dúró kí ẹnì kan kí mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá Màámi nílé ìdáná tí wọ́n ń ká aṣọ ọmọ, mo sì dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n wá sọ fún mi, láìgbé ojú kúrò lára aṣọ, pé mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó kú kí wọ́n tó bí mi. Ikọ́ àwúbì ló ṣe é. Ó wà nínú yàrá, Màámi wà lẹ́yìnkùlé nídìí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, iná sì ti mú. Bí ọmọ bá ti kérora, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́ o, mò ń bọ̀. Ọmọ á dákẹ́ díẹ̀, á tún kérora, wọ́n á tún kí i. Ni gàrí bá fẹ́ jóná.

“Ọ̀kan wà tí mi ò dá lóhùn,” Màámi wí. “Mo ní kí n kó gàrí yìí kúrò lórí iná ná, kí n tó lọ bá a. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dákẹ́. Ọmọ mi pè mí, kò gbọ́ mi.”

Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé orin ni mò ń kọ, ó ti yé àwọn láti ọjọ́ tí àwọn ti gbọ́ ti Òyìnbó, àwọn kì í ṣe ọmọdé. Àmọ́ bí ìkérora bá ti dún, ẹnu àwọn kì í dúró gbàṣẹ. Mo ní kí wọ́n máa kí mi nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Wọ́n ní rárá, àwọn ti gbà pé àwọn á panu mọ́, ọmọ àwọn fẹ́ kọrin, àwọn ò ní bà á jẹ́ fún un. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Bí ìyá bá ti pinnu láti ṣe oore fúnni, ta ló tó dá a dúró?

Ọjọ́ orin pé. Mo ti lọ bi olùkọ́ bóyá mo ṣì lè kọrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn òkè kò tíì jáde. Ó mi orí, mo bá kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà Màámi pọn ọmọ, wọ́n wọ kóòtù lé e, a jọ rìn lọ sí gbọ̀ngàn. Àwọn èèyàn jókòó sórí àga pílásítíìkì, wọ́n ń mu tíì. Màámi jókòó síwájú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. Olùkọ́ kọrin, àwọn méjì mìíràn kọrin, ó wá kàn mí.

Mo mí sínú. Ìkérora jáde, ó kún gbọ̀ngàn. Mo ká ahọ́n, mo sún ètè. Ó yọ. Mo fi Ọlọ́run búra, ó yọ, tín-ínrín, kedere, ó ń rìn lókè orí mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Ọmọ tí wọ́n ní kó la ẹnu lásán ló dúró níbẹ̀, tí ohùn méjì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo wo Màámi kí wọ́n bá mi yọ̀.

Màámi ti fi etí gèlè bọ ẹnu. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, omi ń dà lójú wọn, èjìká wọn ń gbọ̀n pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí mo ti ń kérora, nǹkan kan ń wá sẹ́nu wọn, wọ́n ń tì í padà. Èmi ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo sì mọ bó ṣe ń rí, kí èèyàn wà láàárín gbogbo ayé pẹ̀lú ohùn lọ́fun, kí wọ́n ní kó má jẹ́ kó jáde.

Mo dákẹ́. Orin náà kò tíì dé ìdajì.

“Màámi, mo wà níbí,” mo ní. “Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ẹ kí mi.”

Wọ́n yọ gèlè kúrò lẹ́nu. “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.”

“Ẹ ṣé, mà.”

Mo padà sí ìkérora mi, ohùn òkè kò sì wá mọ́. Títí di òní olónìí kò wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi gé e, ó ṣì máa ń dùn mí nígbà mìíràn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Olùkọ́ dìde pẹ̀lú omi lójú, ó ní òun ò rí ẹni tó fi ìpè àti ìdáhùn sínú orin yìí rí, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá èmi àti Màámi á lè tún un ṣe ní ìlú Eccles lóṣù tó ń bọ̀. Mo mi orí. Kí òun náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a jáde, a wọ bọ́ọ̀sì. Màámi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ọmọ ti sùn. Bàbá Òyìnbó kan wà lẹ́yìn wa tó ń húkọ́, ikọ́ gbígbẹ tó ń fa èèyàn láti inú. Mo rí i tí ọwọ́ Màámi ń wá etí gèlè. Mo di ọwọ́ náà mú, mo gbé e kalẹ̀ sórí itan wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wá yíjú sẹ́yìn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà,” wọ́n ní.

Ọkùnrin náà wo Màámi, ó wo èmi, ó sì kọjú sí fèrèsé. Màámi kò yíjú padà. Wọ́n ń dúró. Mo mí kanlẹ̀.

“Ó ní ẹ ṣé, mà,” mo ní.